Mo ra ọmọ igi yukalípítọ́ọ̀sì kan: báwo ni kí n ṣe gbìn ín ní Ògùdù kí ó lè ga, kí ìjì má sì wó o?

Ọmọ Ògùdù

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbin igi rí. Mo ra ọmọ igi yukalípítọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó létí títì ní Gbàgádà. Inú ọ̀rá dúdú ni ó wà, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, igi rẹ̀ kò sì nípọn ju bírò tí a fi ń kọ̀wé lọ. Bí mo bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó ń yọ, kì í ṣe òórùn róòbù tí mo ti rò pé gbogbo yukalípítọ́ọ̀sì ń ní.

Pulọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀ ni ilé wa ní Ògùdù. Láti ògiri ilé dé ògiri ọgbà tó wà lẹ́yìn tó mítà 14, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀ báyìí àyàfi okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì le. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ gan-an, omi a máa dúró lójú kan fún wákàtí mélòó kan kí ó tó fà. Igi tó ga ni mo fẹ́, èyí tí ènìyàn yóò máa rí láti òpópónà, tí kò sì ní máa bà wá lẹ́rù nígbà ìjì. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n kọ́kọ́ fi sínú ìkòkò ńlá fún ọdún kan kí ó lè lágbára, kí n fi ọ̀pá tì í, kí n sì máa bomi rin ín láràárọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Bàbá Olúgbó

Ọmọ mi, o kú ìnáwó. Iṣẹ́ igbó ọba ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìntì sí Ìpájà, mo sì lo apá kan nínú àwọn ọdún náà ní òkè Jos, níbi tí wọ́n ti gbin yukalípítọ́ọ̀sì sórí ilẹ̀ tí àwọn awakùsà tánganran gbẹ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi tó bá lè hù lórí irú ilẹ̀ yẹn kò ní kú sí Ògùdù bí ènìyàn kò bá fi ìkẹ́ pa á. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí o ṣe, n kò gba ọ̀kankan wọlé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú igi tí o rà ná.

Irú yukalípítọ́ọ̀sì tó wà láyé lé ní 700, ilẹ̀ Ọsirélíà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí ewé rẹ̀ ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní *Corymbia citriodora* láti ọdún 1995. Ṣáájú ìgbà náà, *Eucalyptus citriodora* ni wọ́n kọ́ wa, orúkọ àtijọ́ yìí náà ni ọ̀pọ̀ olódòdó ṣì ń lò. Queensland ni ìlú rẹ̀, ibẹ̀ gbóná, nítorí náà ooru Èkó kò ní ṣe é ní ohunkóhun. Ní ìlú rẹ̀ ó lè ga ju mítà 35 lọ, igi rẹ̀ a máa tọ́ gbọnrangandan, èèpo rẹ̀ a máa bọ́, ara rẹ̀ yóò sì funfun, yóò máa dán. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà nínú omi.

Orí rẹ ló ṣe é tí kì í fi í ṣe *Eucalyptus globulus* ni wọ́n tà fún ọ. Òun ni wọ́n ń fún òróró rẹ̀ fún egbòogi òtútù, ilẹ̀ olótùútù Tasmania àti Victoria ni ó sì ti wá. Ní Èkó yóò kàn máa jìjàkadì ni. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa yukalípítọ́ọ̀sì tí kì í kú bọ̀rọ̀ jẹ́ nípa *Eucalyptus gunnii*, èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń gbìn nítorí pé òtútù tí ń sọ omi di yìnyín kì í tètè pa á. Kí ni a fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Ògùdù? Ohun tí igi gbọ́dọ̀ fara dà níbí ni ooru, ẹrẹ̀ oṣù kẹfà, ọyẹ́, ikán, àti ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀.

Nípa ìkòkò, má ṣe dán an wò. Gbòǹgbò igi yìí a máa yára gan-an, bí ó bá sì kan ara ìkòkò tí kò rí ọ̀nà lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Lójú, igi náà yóò dára, ewé rẹ̀ yóò máa tutù yọ̀yọ̀, ìwọ náà yóò sì gbà pé ó ti lágbára. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ti ká bí òṣùká kì í nà mọ́ lẹ́yìn tí a bá gbé e sínú ilẹ̀; ńṣe ni yóò máa nípọn síbi tí ó ká sí. Bí igi bá wá ga tó ilé alájà méjì, tí ìjì oṣù kẹta dé, yóò yẹ̀ tìdítìdí, kì í ṣe pé yóò ṣẹ́. Ọmọ igi kékeré tí a gbìn lásìkò a máa bá èyí tó ti ga ju ènìyàn lọ nínú ìkòkò, a sì kọjá rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Oṣù karùn-ún ni a wà yìí. Gbìn ín báyìí, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ti rìn jìnnà kí òjò tó dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá.

Bíríkìlà Mushin

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀rọ̀ ewé àti òórùn má jẹ́ kí a gbàgbé ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Ìlúpéjú nígbà kan nítorí pé omi ilé ìwẹ̀ kọ̀ láti lọ. Nígbà tí a gbẹ́ ilẹ̀ tí a sì gé páìpù ínǹṣì 4 náà, a rí i pé gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ti kún inú rẹ̀ pátápátá, débi pé ńṣe ni mo fà á jáde lódidi, ó gùn ju apá mi lọ, ó sì mú àwòrán páìpù náà. Páìpù náà kò fọ́. Ojú ìsopọ̀ tí ẹni tó ṣe é kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ dáadáa ni gbòǹgbò náà gbà wọlé. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin igi, ṣùgbọ́n igi tó lè ga ju mítà 35 lọ lórí pulọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀, ó yẹ kí a ronú sí i. Níbo ni sọ́kàwéè yín wà?

Ọmọ Ògùdù

Ẹ ṣé, sà. Sọ́kàwéè wà ní apá òsì ilé, ó sún mọ́ ilé ìdáná. Igun ọ̀tún ẹ̀yìnkùlé ni mo ní lọ́kàn fún igi náà, ibi tó jìnnà sí sọ́kàwéè náà jù lọ. Wáyà NEPA gba iwájú ilé, kò dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ògiri ọgbà wa, ilẹ̀ aládùúgbò kan ni, kò tíì kọ́ nǹkan kan sí i.

Bàbá Olúgbó

Ìbéèrè gidi ni Bíríkìlà béèrè, ohun tó rí ní Ìlúpéjú sì bá ohun tí àwa náà mọ̀ mu. Gbòǹgbò kì í dá páìpù tó dára lu. Ibi tí omi bá ti ń jò ni ó ń lọ. Àwọn ènìyàn tún rò pé gbòǹgbò yukalípítọ́ọ̀sì ń lọ sísàlẹ̀ nìkan. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú wọn ń lọ jìnnà sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ilẹ̀, a sì máa kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbìn ín ní ibi tí kò tó mítà 10 sí ilé, sí sọ́kàwéè, tàbí sí ọ̀nà omi ìdọ̀tí.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ jẹ́ mítà 14. Bí o bá fi mítà 3 sílẹ̀ sí ògiri ọgbà lẹ́yìn, ó ku 11 sí ilé. Ó tó, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù. Má sún un mọ́ ògiri ọgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ìpìlẹ̀ ògiri ọgbà ní Èkó kì í sábà jìn, bí ìdí igi bá sì ń tóbi yóò gbé e sókè. Kí o tún lọ bá aládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó gbẹ́ ihò. Kò tíì kọ́lé síbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n yóò kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ẹ̀ka yukalípítọ́ọ̀sì tó ti dàgbà a sì máa já lójijì nígbà mìíràn, àní ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́. N kò ní gbé àga sí abẹ́ rẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni páàkì mọ́tò síbẹ̀.

Ará Ìkòyí

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ apá tiwa kún un, nítorí pé àwọn ará Erékùṣù tó bá ka èyí lè rò pé ìmọ̀ràn kan náà ni fún gbogbo Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí ni a ń gbé. Bí mo bá gbẹ́ ihò tó jìn tó orúnkún ní oṣù keje, omi a ti sun jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi náà sì máa ń ní iyọ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀sà. Yukalípítọ́ọ̀sì olóòórùn ọsàn tí mo gbìn síbẹ̀ pọ́n létí ewé, ó sì dúró sójú kan. Igi wísílì páìn tí àwọn tó ṣáájú wa gbìn sí etí omi ni ó ń ṣe dáadáa ní tiwa. Ǹjẹ́ irú yukalípítọ́ọ̀sì kan wà tó lè gba irú ilẹ̀ yìí, Bàbá?

Bàbá Olúgbó

Ó wà. *Eucalyptus robusta* jẹ́ igi àbàtà etí òkun ní ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Ẹrẹ̀ àti atẹ́gùn oníyọ̀ kì í ṣe àjèjì sí i. *Eucalyptus camaldulensis*, èyí tí wọ́n gbìn káàkiri òkè Ọya láti fi dènà atẹ́gùn aṣálẹ̀, jẹ́ igi etí odò ní ìlú rẹ̀, ó sì lè dúró nínú omi fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ibi tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ a máa mú àbààwọ́n bá ewé rẹ̀. *Eucalyptus deglupta*, tí èèpo rẹ̀ ń ní àwọ̀ ewé, osùn àti aró lẹ́ẹ̀kan náà, wá láti Filipíìnì, Indonéṣíà àti Papua New Guinea, òjò Èkó yóò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ iyọ̀. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ di òkìtì tó fẹ̀ dáadáa, kí ẹ gbin igi sórí rẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ihò lọ bá omi. Bí mo bá sì jẹ́ ẹ̀yin, wísílì páìn náà ni n óò gbìn.

Olódòdó Gbàgádà

Iṣẹ́ òdòdó títà ni mò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni arákùnrin yìí ti rà á. Ẹ má bínú sí ẹni tó ní kí ó lo ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa kò ní ilẹ̀ rárá. Balùkóní tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n fẹ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ̀fọn lè lọ. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé igi tó kàn dúró síbẹ̀ kò lè lé ẹ̀fọn. Òróró inú ewé rẹ̀ ni ẹ̀fọn kò fẹ́, kì í sì í jáde dáadáa àfi tí a bá ra ewé náà. Irú wọn lè fi í sínú ìkòkò, kí wọ́n máa gé orí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ igi ńlá, ọ̀rọ̀ Bàbá ni kí ó gbọ́.

Fún àwọn tó ń bọ̀ wá rà lẹ́yìn èyí, ẹ má máa sáré mú èyí tó ga jù. Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí gbòǹgbò tó nípọn bá ti gún un jáde wọ ilẹ̀, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ọ̀pá, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú yín. Èyí tó bá tẹ̀ kọrọdọ, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí, Bàbá, ìjì Èkó le o. Ṣé a kò wá ní fi ohunkóhun tì í ni?

Bàbá Olúgbó

O ṣeun tí o sọ ọ̀rọ̀ náà láìbo ọjà rẹ. Bí igi bá lè dá dúró, má ṣe tì í. Atẹ́gùn tó ń mì í ni ó ń mú kí ìdí rẹ̀ nípọn, òun náà ni ó sì ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Èyí tí a bá so mọ́ ọ̀pá gírígírí yóò ga, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí a bá tú u ni yóò dọ̀bálẹ̀. Bí ibẹ̀ bá fẹ́ atẹ́gùn jù, ẹ ri ọ̀pá méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ibi tí gbòǹgbò wà, kí ẹ fi ọ̀já tó rọ̀ so ó ní ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ, kí ààyè sì wà fún un láti mì. Kí ọdún náà tó yípo, ẹ yọ ọ́.

Ẹ má lo ọparun. Mo mọ̀ pé òun ni ó wà nítòsí, òun ni ó sì rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀, bí wọ́n bá sì jẹ ọparun tán, igi ni yóò kàn. Nínú gbogbo ohun tí ń pa ọmọ yukalípítọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa, ikán ni n óò fi ṣe àkọ́kọ́. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ èèpo gbòǹgbò yíká ìdí igi. Ewé yóò ṣì wà láwọ̀ ewé lónìí, tó bá di ọ̀la yóò rọ, ènìyàn yóò sì rò pé òùngbẹ ni, yóò máa da omi sí i. Ẹ má fi pákó tàbí kùkùté sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ẹ bá fi bo ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara igi. Ẹ fi àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ yíká ìdí rẹ̀, kí ẹ máa wò ó bóyá ẹ óò rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán ń mọ gòkè.

Ìyá Àgbà Ẹbútẹ́ Mẹ́ta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ béèrè ohun tí ẹnì kankan kò béèrè. Kí ni a óò jẹ lórí igi yìí? Ọmọdé yìí ní ilẹ̀ tó fẹ̀ ní Èkó níbi tí àwọn mìíràn kò ti ní ibi tí wọn yóò gbin ata sí, òun wá fẹ́ gbin igi tí kò ní so àgbálùmọ̀, tí kò ní so máńgòrò, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀fọ́ hù lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń fa omi kànga gbẹ pẹ̀lú.

Bàbá Olúgbó

Ẹ kú ìmọ̀ràn, mà. Lórí ẹ̀fọ́, òótọ́ ni ẹ sọ. Ewé rẹ̀ tó bá jábọ́ ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn hù dáadáa, igi náà sì máa ń bá wọn du omi àti oúnjẹ ilẹ̀. Lórí kànga, ó ń mu omi púpọ̀ lóòótọ́, oko ńlá tó kún fún un sì lè dín omi odò kékeré kù. Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ní ìgboro Èkó, tí òjò ń rọ̀ sí fún oṣù bí i méje, kò lè gbẹ kànga ẹnikẹ́ni. Kí ó má kàn gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ kànga tí kò jìn.

Ní ti ohun jíjẹ, n kò lè bá yín jiyàn. Ó kàn jẹ́ pé igi gíga ni ó béèrè. Oyin rẹ̀ dára, àwọn oyin a máa wá òdòdó rẹ̀ gan-an.

Nọ́ọ̀sì Yábàá

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ewé ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò máa wá já ewé yìí fún ọ̀fìnkìn bí wọ́n bá ti mọ̀ pé o ní i. Kí wọ́n se é kí wọ́n sì máa fa ooru rẹ̀ símú kò burú fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò omi gbígbóná náà; ìjóná tí irú rẹ̀ ń fà ni a máa ń rí ní ọsibítù ju ohun mìíràn lọ. Òróró yukalípítọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré kì í ṣe ohun mímu rárá. Ìwọ̀nba tí kò tó ṣíbí kan lè mú kí ọmọ kékeré dákú tàbí kí gìrì mú un. Kí ẹ sì má ṣe sun ìdọ̀tí lábẹ́ igi náà nígbà ọyẹ́, torí òróró tó wà nínú ewé gbígbẹ a máa gbaná kíákíá.

Ọmọ Ògùdù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àti lọ́wọ́ ìyá wa ní Ẹbútẹ́ Mẹ́ta. Màmá mi ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ti ní kí n wá àgbálùmọ̀ fún igun kejì. Aládùúgbò wa gbà. Ó ní kí n ṣáà máa gé ẹ̀ka tó bá kọjá ògiri sọ́dọ̀ òun.

Mo gbẹ́ ihò náà lánàá lẹ́yìn òjò. Nígbà tí mo fi abẹ ya ọ̀rá náà, mo rí ohun tí Bàbá ń sọ. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dúró gbagidi, gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lára, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan tó nípọn tó okùn bàtà ti pọ́n, ó ti yí ìdí ọ̀rá náà po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ń bọ̀ wá bá ara rẹ̀. Mo rí kókó kékeré kan pẹ̀lú ní ibi tí igi àti gbòǹgbò ti pàdé, ó wú jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣé àrùn ni? N kò tíì gbìn ín. Mo fi àpò tútù bò ó síbi tí oòrùn kò dé, mo ń dúró de ìdáhùn.

Bàbá Olúgbó

Kì í ṣe àrùn. Ibẹ̀ ni igi náà ń kó oúnjẹ àti ojú ìrúwé pamọ́ sí. Bí iná bá jó o tàbí tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti tún rú. Má gé e, má sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà.

Gbòǹgbò tó yí po yẹn, fi ọwọ́ tú u pẹ̀lẹ́. Bí ó bá gbà láti nà, nà án sínú ihò. Bí kò bá gbà, gé e níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, má ṣàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi abẹ mímú fa ilà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára iyẹ̀pẹ̀ náà ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jìn díẹ̀, kí àwọn gbòǹgbò tuntun lè yọ síta dípò kí wọ́n máa tọ ọ̀nà àtijọ́. Ṣe é kíákíá, kí atẹ́gùn má gbẹ ẹ́.

Báwo ni ihò rẹ ṣe rí? Kí ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ọ̀rá náà, ṣùgbọ́n kí ó má jìn ju gíga iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá lọ. Ilẹ̀ pupa tó le bí èyí tí o ṣàpèjúwe, bí a bá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ nígbà tó tutù, ara ihò a máa dán, gbòǹgbò kò sì ní lè gún un. Fi ẹnu àdá há a kí ó rí jákujàku. Nítorí omi tí ń dúró níbẹ̀ ní oṣù kẹfà, jẹ́ kí ìdí igi ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní ìwọ̀n ínǹṣì 3 tàbí 4. Iyẹ̀pẹ̀ tí o gbẹ́ jáde náà ni kí o dá padà. Má kó ìgbẹ́ adìẹ tàbí fàtìláísà sínú ihò. Bí gbòǹgbò bá rí oúnjẹ dídùn lójú kan, kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tútù sì lè jó o.

Ọmọ Ògùdù

Ó ti wọlẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Kò gbà láti nà, mo gé e. Ó dá dúró láìsí ọ̀pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá ilé. Ohun tó kù ni omi, àti bí n óò ṣe máa gé e bí ó bá ń ga.

Akọ̀wé Aláùsá

Kí Bàbá tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjọba. Ọjọ́ 14 oṣù keje ni Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn lọ́dọọdún láti 2008. Àjọ LASPARK ni ó ń mójú tó igi àti ọgbà ìtura. Kò sí ẹni tí yóò dí ọ lọ́wọ́ láti gbìn ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gé igi tó ti dàgbà lulẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti kọ́kọ́ gba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà rẹ ni ó wà. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá Olúgbó

Níwọ̀n ìgbà tí òjò bá ń rọ̀, má fún un lómi, àfi ní oṣù kẹjọ bí òjò bá dáwọ́ dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Iṣẹ́ omi gidi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Omi díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ kò dára, torí ojú ilẹ̀ nìkan ni ó ń rin, gbòǹgbò yóò sì dúró sókè láti mu ún. Mú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan, fi ìṣó dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, gbé e sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí igi náà, kí o rọ ọ́ kún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó máa kán wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ṣe é lẹ́ẹ̀méjì. Bí igi náà bá ń dàgbà, máa sún kẹ́ẹ̀gì náà síta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì, dá a dúró pátápátá.

Ewé rẹ̀ yóò yí padà bí ó bá ń dàgbà. Àwọn tó wà lára rẹ̀ báyìí fẹ̀, wọ́n sì ní irun fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tí ń bọ̀ yóò gùn, yóò tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì máa so kọ́ sísàlẹ̀. Má rò pé òùngbẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀mùnú orí rẹ̀ bá ń kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ìdí rẹ̀ sì dára, tí kò sí ikán, ó lè jẹ́ pé èròjà boron kò tó nínú ilẹ̀. Àìsàn yẹn wọ́pọ̀ lára yukalípítọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Gbé àwòrán rẹ̀ wá síbí kí o tó fi ohunkóhun sí i, torí èyí tó bá pọ̀ jù a máa pa igi.

Nípa gígé, fi àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Àwọn ni ó ń bọ́ ìdí igi kí ó lè nípọn. Ohun tí n óò máa ṣọ́ ni orí. Bí o bá rí i pé ó ya sí méjì tí àwọn méjèèjì sì ń du òkè, gé èyí tó tẹ̀ sí apá ilé nígbà tí kò tíì nípọn ju ìka rẹ lọ, torí ibi tí orí méjì ti pàdé ni ó ń là nígbà ìjì. Má bẹ́ orí igi náà láé láti mú un kúrú, nítorí pé àwọn ẹ̀ka tí yóò rú lẹ́yìn ìyẹn kì í lẹ̀ mọ́ ara igi dáadáa. Bí ó bá di dandan pé kí ó kúrú, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ gé e wálẹ̀ kù díẹ̀ kí ó kan ilẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn tí o bá ti gba àṣẹ tí Akọ̀wé sọ. Kùkùté náà yóò rú ọ̀pọ̀ ọmọ. Yan ọ̀kan tó tọ́ jù, kí o gé ìyókù.

Títẹ̀ tí o ní ó tẹ̀ sí apá ilé, fi í sílẹ̀. Yóò tọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá rí oòrùn tó tó, àfi bí okùn aṣọ yín bá wà lókè rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sún.